Ìjàpá yín kò rí epo mu? Bí ẹ ṣe máa tọ ipa epo láti tánkì dé kábúrétọ̀

Ìbéèrè kan náà nípa Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen Beetle, ni ẹ máa ń bi mí: “Ẹ̀gbọ́n, Ìjàpá mi á sáré dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á sì kú. Mo ti ra pọ́ǹpù tuntun, kò yàtọ̀. Ṣé kábúrétọ̀ ni kí n tún rà?”

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. (Kábúrétọ̀ ni ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì.) Èmi náà ti ra pọ́ǹpù rí, mo ra kábúrétọ̀ tókùnbọ̀ lé e, kí n tó rí i pé ọmọ iṣẹ́ tó kun mọ́tò náà fún mi ti fi pọ́tì dí ihò atẹ́gùn tó wà lára ìdérí tánkì. Tánkì ò rí atẹ́gùn fà, epo ò sì lè jáde. Ihò tí abẹ́rẹ́ lásán lè là ni mo fi owó pọ́ǹpù àti ti kábúrétọ̀ wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ju pé kí ẹ tẹ̀lé epo láti ibi tó ti ń bọ̀, kí ẹ máa dán ibì kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú ìgò, títí ẹ ó fi dé ibi tó ti dúró. Ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Ìjàpá Volkswagen oní-kábúrétọ̀ kan ni mò ń sọ, ẹ́ńjìnnì 1200 títí dé 1600. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen Igala àti ti Kombi bá ti Ìjàpá tan, àmọ́ ẹ̀yìn ni tánkì Kombi wà, ọ̀nà epo rẹ̀ kò sì gùn. Ẹni tó bá ní Peugeot 504 oní-kábúrétọ̀ lè lo ètò yìí náà, kó kàn mọ̀ pé pọ́ǹpù àti kábúrétọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Bẹntiróòlù kì í ṣe nǹkan eré. Ooru rẹ̀ (epo tó ti di atẹ́gùn) ló ń gbaná, ooru náà sì máa ń rìn lórí ilẹ̀ lọ bá iná tó wà lókèèrè.

- Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, lójú ọ̀sán. Kò gbọdọ̀ jẹ́ inú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ibi tí ìyá alákàrà ti ń dáná.
- Ẹni tó ń mu sìgá, kó rìn jìnnà.
- Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú ọ́ọ̀sì epo. Wákàtí kan, ó kéré tán.
- Ẹ gbé ẹ̀rọ ìpaná oníyẹ̀fun sítòsí. Omi kọ́. Ara ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní magnesium nínú, bí magnesium bá sì gbaná, omi ń dá kún un ni.
- Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni bátìrì wà. Ẹ tú orí tó ní àmì − kí ẹ tó tú ọ́ọ̀sì epo èyíkéyìí. Ẹ ó dá a padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́ láti dán pọ́ǹpù wò.
- Ẹ MÁ FI ẸNU FA EPO. Mo mọ̀ pé gbogbo mẹkáníìkì ló ń ṣe é. Bẹntiróòlù tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn, kódà bó bá kéré.

## Ohun tí ẹ nílò

Sukurudiráfà pẹlẹbẹ àti oní-àgbélébùú, sípánà 13 àti 14, pílíyà, ìgò gíláàsì funfun méjì tí ẹ lè rí inú wọn (ìgò ọtí tí ẹ ti fọ̀ dára), ọ́ọ̀sì epo tuntun tó gùn tó mítà kan, kílíìpù bíi mẹ́jọ, bóòtù kékeré méjì tí ẹ ó fi dí ẹnu ọ́ọ̀sì, àkísà, àti tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ń lọ ra ọ́ọ̀sì ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n’Íbàdàn, ẹ gé díẹ̀ lára ti àtijọ́ dání. Ọ́ọ̀sì tó bá tóbi ju páìpù lọ, kò sí kílíìpù tó lè gbà á.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ́ọ̀sì omi aláwọ̀ mọ́nrán-mọ́nrán fún yín pé “ọ̀kan náà ni.” Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí á fi le bí igi, á sì sán.

## Ọ̀nà tí epo ń gbà

Ẹ fi èyí sọ́kàn kó tó di pé ẹ tú nǹkan:

1. Tánkì, níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
2. Àwọ̀n kékeré tó wà nísàlẹ̀ tánkì.
3. Ọ́ọ̀sì kúkúrú, tó lọ bá páìpù irin.
4. Páìpù irin tó gba àárín ilẹ̀ mọ́tò kọjá títí dé ẹ̀yìn.
5. Ọ́ọ̀sì kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà, tó gba ihò páànù wọlé sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì.
6. Pọ́ǹpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíríbútọ̀. Ọ̀pá tín-ínrín kan lábẹ́ rẹ̀ ló ń tì í sókè sódò.
7. Ọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn, láti pọ́ǹpù dé kábúrétọ̀.

Ibi méje péré. Ìṣòro yín wà nínú ọ̀kan nínú wọn, tàbí nínú kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé kì í tiẹ̀ ṣe epo rárá.

## Ṣé epo ni lóòótọ́, àbí iná?

Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àmọ́ òun ni àwọn èèyàn máa ń fò.

1. Nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí kò fẹ́ sítáàtì mọ́, ẹ pa kọ́kọ́rọ́.
2. Ẹ yọ fíltà atẹ́gùn kúrò lórí kábúrétọ̀.
3. Ẹ fi ìka ṣí bèbè kékeré tó wà lókè kábúrétọ̀ bó bá padé, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun rẹ̀.
4. Ẹ fi ọwọ́ fa apá tọ́rọ́tù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Bí epo bá ń tú jáde bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀, tó tín-ínrín tó sì le, epo wà nínú kábúrétọ̀. Ẹ lọ wo iná: kọ́ìlì, kọ̀ndẹ́ńsà, púlọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì tó ń ṣàárẹ̀ máa ń kú nígbà tó bá gbóná, á sì jí nígbà tó bá tutù, bí ìwà epo gẹ́lẹ́. Òun ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Bí kò bá sí nǹkan kan tó jáde, tàbí tó bá kàn ń kán, ẹ máa bá mi bọ̀.

Ẹ má ṣe ìdánwò yìí kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná lè tinú ọ̀fun kábúrétọ̀ jáde sí yín lójú.

## Ìgbésẹ̀ 1: Tánkì

Ẹ da epo lítà márùn-ún sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gééjì epo Ìjàpá jẹ́ òpùrọ́ láti ilé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, àwọn tí wọ́n fi máṣíìnì fà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nítorí tánkì òfìfo kò sì kéré.

Lẹ́yìn náà, ẹ wakọ̀ títí mọ́tò á fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, kí ẹ dúró, kí ẹ sì ṣí ìdérí tánkì kíá. Ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ “fìììì,” tí atẹ́gùn ń sáré wọlé, tí mọ́tò sì sítáàtì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ihò atẹ́gùn ti dí. Lára àwọn tí ó pẹ́, ara ìdérí ni ihò náà wà. Lára àwọn tó dé lẹ́yìn, ọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lókè tánkì, ó sì lè ká tàbí kí kòkòrò kọ́lé sínú rẹ̀.

Bí ìdérí bá dára, ẹ wo ìsàlẹ̀ tánkì:

1. Ẹ fa epo inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì mímọ́. Ọ́ọ̀sì tó ní ike ìfúnpọ̀ ni kí ẹ fi fà á, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ẹnu.
2. Ẹ tú ọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì tó di àwọ̀n mú.
3. Ẹ fọ àwọ̀n náà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti epo díẹ̀. Bó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
4. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú tánkì láti ihò gééjì. Bó bá pupa bí ilẹ̀ Ṣàgámù, ìpatà ló wà níbẹ̀.

Tánkì tó dípatà, bóòtù mẹ́rin péré ló dì í mú. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sí i, kí ẹ mì í títí ọwọ́ á fi ro yín, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sì sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kanlẹ̀. Àmọ́ bó bá ti lu, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Tánkì tí ẹ rò pé ó ti gbẹ ṣì ní ooru epo nínú, ooru yẹn ló ń bú gbàmù. Ẹ wá tánkì mìíràn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Láti tánkì dé ẹ̀yìn

Ẹ lọ sẹ́yìn. Ẹ tú ọ́ọ̀sì tó wọ inú pọ́ǹpù, kí ẹ sì ki ẹnu rẹ̀ bọ ìgò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; kí ìgò náà wà nísàlẹ̀ ju tánkì lọ. Bí tánkì bá kún tó ìdajì, epo yẹ kó máa ṣàn fúnra rẹ̀, láìsí pọ́ǹpù.

- Ó ń ṣàn geere: ọ̀nà mọ́ títí dé ibẹ̀. Ẹ fi bóòtù dí ọ́ọ̀sì, ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 3.
- Ó ń kán, tàbí ó ṣàn díẹ̀ ó dúró: nǹkan dí i. Fíltà epo, bó bá wà, ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ tún dán an wò.
- Kò wá rárá: ẹ tú ọ́ọ̀sì níwájú, lẹ́nu páìpù irin. Bó bá ń wá níwájú tí kò dé ẹ̀yìn, páìpù tàbí ọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ gíà ni.

Láti la páìpù, ẹ tú u lórí méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí fọkanáísà àdúgbò fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹnì kan sì fi àkísà gba ohun tó bá jáde. Mo ti rí i tí nǹkan dúdú bí àmàlà tutù jáde níbẹ̀. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn gba inú pọ́ǹpù kọjá, ẹ ó ya rọ́bà rẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ tẹ gbogbo ọ́ọ̀sì, ẹ ká wọn díẹ̀. Èyí tó bá sán, tó le, tàbí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń gbẹ́wìrì: ìta rẹ̀ dára, inú rẹ̀ ti ṣí, á máa padé nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fà. Bí ọ́ọ̀sì bá ti pé ọdún márùn-ún, ẹ má bá a jiyàn, ẹ sọ ọ́ nù. Ti ẹ̀gbẹ́ gíà ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé, torí ẹ gbọ́dọ̀ sùn sábẹ́ mọ́tò kí ẹ tó rí i.

Ọ̀rọ̀ fíltà: fíltà oníke tí ẹ ń rí inú rẹ̀ kì í sábà kún. Kó kún dé ìdajì kì í ṣe àìsàn, ẹ má torí rẹ̀ pààrọ̀ pọ́ǹpù. Abẹ́ tánkì, tàbí ẹ̀gbẹ́ gíà, ni kí ẹ fi sí. Kò gbọdọ̀ wà láàárín pọ́ǹpù àti kábúrétọ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: Pọ́ǹpù

1. Ẹ tú wáyà tó wà lórí 15 lára kọ́ìlì, kí iná má bàa ta. Ẹ fi téèpù bo orí wáyà náà.
2. Ẹ tú ọ́ọ̀sì lórí kábúrétọ̀, kí ẹ fi ọ́ọ̀sì gígùn lé e, kí ẹ sì ki í bọ ìgò tó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì.
3. Ẹ dá orí bátìrì padà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.
4. Ẹ wo ìgò náà.

Ó yẹ kó máa pọ̀ ọ́ jáde pẹ̀lú agbára, ní ìdákúrekú, tẹ̀lé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bó bá ń wọ́ jáde bí omi imú, tàbí tí ìfófòó bá pọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìfófòó máa ń fi hàn pé ibì kan ń fa atẹ́gùn ṣáájú pọ́ǹpù, ẹ tún àwọn kílíìpù wò kí ẹ tó dẹ́bi fún un.

Bí epo bá dé pọ́ǹpù dáadáa, tí kò sì jáde dáadáa, ẹ wo mẹ́ta yìí.

Ọ̀pá. Oríṣi méjì ló wà: mílímítà 108 fún ẹ́ńjìnnì oní-dáyínámò, àti 100 fún èyí tó ní ọ́tánétọ̀ àti pọ́ǹpù tirẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan mọ́ èkejì á wàhálà títí. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá 108 tó ti jẹ dé 106 kò lè ti pọ́ǹpù tó mọ́. Bí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ sàmì sí apá tó wà lókè, kí ẹ dá a padà bó ṣe wà.

Gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ pọ́ǹpù bá pọ̀ jù, ọ̀pá ò ní lè tì í dáadáa. Bó bá kéré jù, á tì í ju bó ṣe yẹ lọ, kábúrétọ̀ á sì máa ṣàn. Nígbà tí ọ̀pá 108 bá ga dé òkè pátápátá, mílímítà 13 ni kó yọ lórí ike ìsàlẹ̀ pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ike yẹn kì í fẹ́ kí wọ́n fi òòlù lù ú.

Rọ́bà inú rẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, tí ọ́ìlì sì ga ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, rọ́bà ti ya, epo sì ń ṣàn sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ MÁ SÍTÁÀTÌ RẸ̀ MỌ́. Ọ́ìlì tó ti lomi yẹn máa jẹ bíárìn, ooru rẹ̀ sì lè bú. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù, ẹ da gbogbo ọ́ìlì nù, ẹ rọ tuntun.

## Ìgbésẹ̀ 4: Kábúrétọ̀

Epo dé ẹnu kábúrétọ̀ geere, ọ̀fun rẹ̀ ṣì gbẹ? Inú ibẹ̀ ni. Solex 34 PICT-3 ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ 1600, àwọn yòókù kò jìnnà sí i.

1. Ẹ tú síkúrù márùn-ún tó di ìdérí rẹ̀ mú, kí ẹ rọra gbé e, kí gásíkẹ́ẹ̀tì má ya. Ẹ fi fóònù ya àwòrán kí ẹ tó tú.
2. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ọ̀nà epo wà lábẹ́ ìdérí. Ẹ mì í: ó yẹ kó máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bí kò bá dún, ó ti lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ rà á tuntun, kò wọ́n. Ẹ dá wáṣà abẹ́ rẹ̀ padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí òun ló ń pinnu ibi tí epo á ga dé.
3. Ike tó ń léfòó: ẹ yọ ọ́, ẹ mì í létí. Bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu, á máa rì, kábúrétọ̀ á sì máa kún àkúnya.
4. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo epo. Ìdọ̀tí tó dà bí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ ló ń lọ dí jẹ́ẹ̀tì.
5. Jẹ́ẹ̀tì ńlá wà lẹ́yìn bóòtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà. Ẹ tú bóòtù, ẹ fi sukurudiráfà tú jẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e sókè wo oòrùn. Kí ihò rẹ̀ rí roboto.
6. Ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ gbogbo ihò. Ẹ má fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì. Ihò tó bá fẹ̀ díẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tó lè dá a padà, mọ́tò á sì di ọ̀mùtí.

Bí mọ́tò bá ń sáré dáadáa àmọ́ tó ń kú nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ wo idẹ roboto kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀ tí wáyà kan wọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, ẹ yọ wáyà náà, ẹ fi kàn án padà. Ó yẹ kó dún “ká.” Bí kò bá dún, òun ló ń dí ọ̀nà epo, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé iná dé orí wáyà kí ẹ tó ra òmíràn.

Ohun kan tún máa ń jọ àìrí-epo-mu: atẹ́gùn tó ń yọ́ wọlé lábẹ́ kábúrétọ̀, tàbí lára rọ́bà méjì tó so páìpù rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mọ́tò bá ń dúró jẹ́ẹ́, ẹ fọ́n omi díẹ̀ síbẹ̀, kó má kan dísíríbútọ̀. Bí ohùn mọ́tò bá yí padà, ibẹ̀ ló ti ń jò.

## Idẹ kékeré tó ń jó mọ́tò

Ẹ dúró síbí díẹ̀. Níbi tí ọ́ọ̀sì epo ti wọ kábúrétọ̀, páìpù idẹ kékeré kan wà tí wọ́n kàn tì bọ ihò rẹ̀. Kò ní síkúrù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí wọ́n sì ń fi ipá fa ọ́ọ̀sì lára rẹ̀, á tú. Lọ́jọ́ kan, á yọ pẹ̀lú ọ́ọ̀sì, pọ́ǹpù á sì máa pọ epo sórí dísíríbútọ̀ àti ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ó ti jó Ìjàpá kọjá kíkà. Ìdí nìyí tí fíltà kò fi gbọdọ̀ so rọ̀ sórí ọ́ọ̀sì yẹn: ìwúwo rẹ̀ àti ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló ń fa idẹ náà jáde.

Ẹ yọ ọ́ọ̀sì, kí ẹ fi ìka méjì di idẹ náà mú, kí ẹ yí i, kí ẹ fà á. Bó bá mì, ẹ má wakọ̀ náà lọ ibì kankan. Ẹ gbé ìdérí kábúrétọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lo lééètì, kó la ojú síkúrù sí i, kó sì fi idẹ oní-síkúrù rọ́pò rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi lẹ nǹkan kò lè dúró nínú bẹntiróòlù, ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

## Bó bá jẹ́ ìgbà tó bá gbóná nìkan

Ọ̀sán gangan, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ọ̀jọ́ta, mọ́tò kú. Ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ó sítáàtì. Epo ti hó di ooru nínú pọ́ǹpù tàbí nínú ọ́ọ̀sì, pọ́ǹpù ò sì lè fa ooru.

Ẹ rẹ àkísà sómi, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi wé pọ́ǹpù, kí omi má kán sí dísíríbútọ̀. Ẹ ṣí ìdérí tánkì, ẹ dé e padà. Ẹ dúró díẹ̀. Èyí á gbé yín dé ilé.

Nílé, ẹ wá ìdí tó fi gbóná jù. Ṣé gbogbo páànù àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká ṣì wà níbẹ̀? Àwọn mẹkáníìkì máa ń yọ páànù sọnù pé “kí atẹ́gùn lè dé ibẹ̀.” Ìdàkejì ló ń ṣẹlẹ̀: atẹ́gùn gbígbóná láti abẹ́ á máa padà sókè, fáànù á sì máa fà á. Ẹ wo bóyá fánbẹ́ẹ̀tì ń yọ̀, bóyá ọ́ọ̀sì epo fara kan páànù gbígbóná.

Pọ́ǹpù oníná ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá fi sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, níbi tó tutù, tí ẹ sì ra èyí tí agbára rẹ̀ kò ju psi 3 tàbí díẹ̀ lé lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pọ́ǹpù inú tánkì Camry sí i fún yín. Ti mọ́tò oní-ínjẹ́kítọ̀ nìyẹn, agbára rẹ̀ kọjá psi 40, abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ kò lè dá a dúró, epo á kún àkúnya. Ẹ sì ní kí rewáyà so ohun tí á pa á bí ẹ́ńjìnnì bá kú, kó má bàa máa pọ epo sórí iná lẹ́yìn ìjàǹbá.

## Epo tó lómi, epo tó burú

Ẹ gbé ìgò tí ẹ gba epo sí kalẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bí omi bá wà, á sùn sísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó pín wọn. Mo ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ọ̀wọ́n epo kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò mi ló jẹ́ omi, ẹni tó tà á ti lọ. Fún èyí, ẹ fa tánkì gbẹ, ẹ fọ àwọ̀n, ẹ pààrọ̀ fíltà, ẹ fọ àwo kábúrétọ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Kẹ́míkà inú epo náà ń ba rọ́bà jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹtanọ́ọ̀lù rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wọ Nàìjíríà. Bí ọ́ọ̀sì yín bá ti wà lára mọ́tò kó tó di ìgbà yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Lọndọnu, E10 (epo tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún) ti di epo tí wọ́n sábà ń tà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ẹ máa ra E5, tí ẹtanọ́ọ̀lù tirẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún lọ, kí ẹ sì lo ọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ R9 sí lára, èyí tí ẹtanọ́ọ̀lù kì í tètè bà jẹ́. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún Fusca (orúkọ Ìjàpá) ní Brazil náà dára, nítorí ẹtanọ́ọ̀lù ti wà nínú epo ọ̀hún tipẹ́.

## Ẹ yára wo àmì

- Ó ń húkọ́ lórí òkè tàbí nígbà tí ẹ bá ń sáré, ó dára ní jẹ́jẹ́: fíltà, àwọ̀n tánkì, ọ̀pá pọ́ǹpù.
- Ó kú, ó jí lẹ́yìn tí ẹ ṣí ìdérí tánkì: ihò atẹ́gùn.
- Ó ń kú nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè: idẹ oníná lára kábúrétọ̀, tàbí atẹ́gùn tó ń yọ́ wọlé.
- Èéfín dúdú, òórùn epo, púlọ́ọ̀gì dúdú tó tutù: abẹ́rẹ́, ike tó ń léfòó, tàbí pọ́ǹpù tó ń tì jù.
- Kò sítáàtì láàárọ̀ àfi tí ẹ bá yí i pẹ́: ọ́ọ̀sì kan ń jò, epo ń padà sí tánkì lóru.
- Òórùn epo nínú ọkọ̀: ẹ wo rọ́bà ẹnu tánkì àti gásíkẹ́ẹ̀tì gééjì. Ẹ má fi bọ́dì-sípíréè bò ó mọ́lẹ̀.

## Kí ẹ tó gbé e jáde

1. Ẹ dá wáyà kọ́ìlì padà, ẹ mú gbogbo kílíìpù le, àmọ́ kó má gé ọ́ọ̀sì.
2. Ẹ nu gbogbo epo tó dà, ẹ dúró títí á fi gbẹ.
3. Ẹ sítáàtì rẹ̀ pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ní ṣíṣí àti ẹ̀rọ ìpaná lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
4. Ẹ fi ìka gbígbẹ fọwọ́ kan abẹ́ gbogbo ojú ìsopọ̀ epo. Ìka tó bá tutù, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe.
5. Ẹ wà á yí àdúgbò ká, lẹ́yìn náà ẹ wá òkè kan, ẹ gun ún ní gíà kẹta pẹ̀lú tọ́rọ́tù ní títẹ̀ pátá. Bó bá gùn ún láìhúkọ́, ẹ padà sílé, ẹ tún yẹ idẹ kábúrétọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbéra lọ sí Ìbàdàn.